Ọ̀gá Mi Tí Kì Í Jẹ̀bi

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi jó irin mọ́ irin kí ojú mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Iná wẹ́dìn ti ba ojú náà jẹ́ débi pé bí mo bá jókòó síwájú ilé mi ní Èrúwà báyìí, ohùn ni mo fi ń dá ẹni tó ń kí mi mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wá bá mi níbẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá, irú iṣẹ́ ọwọ́ wo ni kí n kọ́?" Mo máa ń sọ fún wọn pé gbogbo iṣẹ́ ló dára, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọ̀gá tó máa kọ́ wọn ná. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Torí wọn ni mo ṣe ní kí ọmọ mi obìnrin jókòó kó bá mi kọ èyí sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí, ní àdúgbò Pàkò. Bàbá mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Gààrí ni ìyá mi ń ṣe láti fi tọ́ mi. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ní ihò ló fi ń rin ẹ̀gẹ́, ojoojúmọ́ ni páànù yẹn sì ń ha á lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìlú wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìyá mi lọ dúró ti ọ̀kan, ó ń wò ó bí ó ṣe ń jẹ ẹ̀gẹ́. Nígbà tó délé, ó ní, "Lásísì, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe nǹkan yẹn ni wàá kọ́." Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Owó tí a san àti ìwé tí a tọwọ́ bọ̀ kò ní ìtàn kankan nínú.

Ọ̀gá mi ti dolóògbé, ó sì fi ọmọ sáyé, nítorí náà mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ni màá máa pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ayé máa pe òun. Kò wọ ilé-ìwé ẹnjiníà kankan o. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ní Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ bíi ti gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ya ṣọ́ọ̀bù wa tó sì kí i pé, "Wẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́," kò ní dáhùn. Á máa fi fáìlì ha irin lọ, bí ẹni tí etí rẹ̀ di, títí onítọ̀hún yóò fi tún un pè ní Ẹnjiníà. A máa ń fi í ṣẹ̀rín nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó yẹ ká fi ṣẹ̀rín.

Ẹ má rò pé ẹni tí ẹ rí tí ẹ máa sá fún ni. Ó rẹwà lọ́kùnrin, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dọ̀tí, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, ó kẹ́ mi dé góńgó. Ó máa ń sọ lójú àwọn oníbàárà pé, "Látìgbà tí mo ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, mi ò tíì rí irú ọwọ́ ọmọ yìí." Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú. Èmi tí mi ò ní bàbá, mo sáré lọ sọ fún ìyá mi, inú àwa méjèèjì ń dùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, àti pé bí o bá ti gba ìyìn yẹn jẹ báyìí, wàá máa fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ wá a kiri lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi. Gáàsì kábáàdì la kọ́kọ́ fi ń jó irin. A máa da omi lé òkúta kábáàdì nínú àgbá, yóò máa hó, yóò sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Igi gbígbẹ́ tí a fi páànù wé ni ikùn ẹ̀rọ nígbà náà. Nígbà tó yá la bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣe é, tí iná wẹ́dìn alámànàmáná sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kábáàdì. Ẹni tó bá gbójú lé iná náà láìfi gíláàsì dúdú bojú, bí iyanrìn ni ojú rẹ̀ yóò ṣe máa ta á títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Gíláàsì kan ṣoṣo ló wà fún àwa ọmọ iṣẹ́. Ẹnjiníà ló ń pinnu ẹni tó máa lò ó, ẹni tó bá sì yìn ín jù lọ́jọ́ náà ló máa ń rí i gbà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ kan o. Ìrorò kọ́ ni mò ń sọ. Alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, bàbá arúgbó tó ń bọ Ògún, ẹni tí a máa ń gbé irin lọ bá kó bá wa nà án. Bàbá yẹn rorò ju ọ̀gá mi lọ. Kò sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò tíì jẹ ìkó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó ba irin wa jẹ́ lórí iná, ó wò ó sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Ọwọ́ mi ló ṣì í. Ẹ padà wá lọ́la." Ẹnu yà mí. Mo ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ Ẹnjiníà nígbà náà, mi ò sì tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà lórí ìṣó tó wọ́.

Káríímù ni ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi. Ọmọ Igangan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Òun ló ronú kan ìbòrí tí a ń dè mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, kí ọwọ́ àwọn ìyá tó ń ti ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀ má baà kan eyín ẹ̀rọ. Ẹnjiníà kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀rọ tó ní ìbòrí, ó sọ fún wọn pé ojú àlá lòun ti rí i. Ìyẹn ì bá tán síbẹ̀, nítorí ọ̀gá ló ni iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá onígààrí kan wá lọ́jọ́ kan, ó ń fi orin ki Káríímù pé òun ló gba ọwọ́ òun là. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín sí i. Bí obìnrin náà ṣe lọ, kò bá Káríímù sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, èmi ló ń sọ fún. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní Káríímù ń jowú mi, pé kí n ṣọ́ra fún un. Mo gbà á gbọ́. Àwa méjèèjì tí à ń sùn lórí ẹní kan náà kò kí ara wa mọ́. Kò pẹ́ tí Káríímù fi kó ẹrù rẹ̀ padà sí Igangan láìgba ìwé ẹ̀rí, mi ò sì sìn ín dé ibùdókọ̀.

Ọdún kẹrin mi ni Ẹnjiníà ṣe ẹ̀rọ kan tó tóbi ju gbogbo èyí tí a ti ń ṣe lọ. Ó ní òun fẹ́ fi í han ìlú. Ó pe àwọn ìyá onígààrí, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, ó gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ni Ẹnjiníà ní kó wá kọ́kọ́ ti ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Ìyá mi ò sùn dáadáa fún ayọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, Ẹnjiníà ní kí n tú ìbòrí kí n fi gírísì sí ara ẹ̀rọ. Mo tú u, mo fi gírísì sí i, mo sì dá a padà. Bóòtù mẹ́rin ló ní, mo fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rán mi lọ ra epo dísù fún ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo máa fi dé, èrò ti pé, wọ́n sì ti fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ náà. Ó ní kí n lọ dúró sẹ́yìn, nídìí ẹ́ńjìnnì, ibi tí mi ò ti lè rí iwájú. Ó ṣe ọ̀rọ̀ gígùn nípa ara rẹ̀. Ó fa aṣọ náà kúrò, gbogbo ènìyàn hó yèè. Ó nawọ́ sí mi, mo fa ẹ́ńjìnnì, ó dún.

Igbe ìyá mi ni mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò lè ṣàpèjúwe rẹ̀, ẹ má sì bi mí. Nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnnì tí mo sáré débẹ̀, ìka mẹ́rin ti lọ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àtàǹpàkò nìkan ló kù. Ìbòrí kò sí lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti rí i, ó fara ti ògiri.

A gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ni Ẹnjiníà ti gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bíi bàbá.

"Lásísì, ìbòrí yẹn ńkọ́?"

"Mo dá a padà, Ọ̀gá."

"Rántí dáadáa, ọmọ mi."

"Mo fún bóòtù rẹ̀ le, Ọ̀gá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Rántí dáadáa. Inú rẹ ló ń dùn lánàá torí ìyá rẹ, ọkàn rẹ ò sí lára iṣẹ́. Mo rí ọ. Mi ò kàn fẹ́ bá ọ wí lójú èrò ni."

Lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, kì í bínú sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí èmi fúnra mi fi ń rí i nínú ọkàn mi kedere: ìbòrí nílẹ̀, èmi náà tí mò ń fi àkísà nu ọwọ́ lọ. Bóòtù mẹ́rin tí mo fún le di àlá. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò lé mi lọ.

Nígbà tí àwọn aráàlú wá kí ìyá mi, Ẹnjiníà wà níbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ìyá Lásísì, ẹ dárí ji ọmọ yìí. Ọmọdé ni. Bí ẹ bá máa bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí." Àwọn ènìyàn ń mi orí, wọ́n ń sọ pé irú ọ̀gá yìí ṣọ̀wọ́n. Ìyá mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnjiníà ti bá mi bẹ̀bẹ̀, nítorí náà èmi ò bẹ ìyá mi fúnra mi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Mo sì ṣàkíyèsí, mi ò kàn fi sọ́kàn ni, pé lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹlòmíì ní wọ́ọ̀dù, Ẹnjiníà kì í wá.

Ìyá mi ò lè yan gààrí mọ́. Mùsùlùmí tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun láti kékeré, ọwọ́ òsì ló wá ń fi jẹun, ó sì máa ń kọjú sí ògiri tó bá fẹ́ jẹun. Iyọ̀ àti ata gígún ló wá ń tà níwájú ilé.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo gba firídọ̀mù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́ ní Ìbàràpá. Bí ọ̀gá rẹ kò bá gbàdúrà fún ọ lójú ẹgbẹ́, tí kò sì fún ọ ní ìwé, kò sí ibi tí o máa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí tí wọn ò ní tì í. Mo dọ̀bálẹ̀, ó gbàdúrà, èrò ń ṣe àmín. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ìborùn bo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọmọ mi dènìyàn." Mo rí bí ojú ìyá mi ṣe fà ro nígbà tó ń sọ ọ́. Mo rò pé ìtìjú ohun tí mo ṣe ni.

Mo kó lọ sí Èrúwà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ilẹ̀kùn irin àti fèrèsé ni mò ń ṣe. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ mọ́ láyé mi. Èrúwà sí Igbó-Ọrà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọdún Iléyá nìkan ni mo fi ń lọ kí ìyá mi, mi ò sì í sùn mọ́jú. Mi ò lè wo ọwọ́ yẹn. Ọdún mẹ́jọ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi, Sàràtù, bí ọmọ wa kejì, ìyá mi wá bá wa tọ́jú ọmọ. Ní oṣù kejì tó ti wà lọ́dọ̀ wa ni oníbàárà kan dá géètì padà pé kò bá ẹnu ọ̀nà òun mu. Sàràtù ló máa ń bá mi kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ìwọ̀n tó kọ sì tọ́. Èmi ni mo gé irin náà kúrú. Mo mọ̀ ọ́n níbi tí mo dúró sí, ara mi sì kọ̀ láti gbà á. Mo bá wọlé lọ bá a.

"Ìwọ lo ṣi ìwọ̀n kọ."

"Bàbá Múrí, ohun tí ẹ pè fún mi ni mo kọ."

"Rántí dáadáa. Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ yẹn, o ò gbọ́ mi yéké."

 Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kan kiri, tí kò rí i mọ́. Ó ní, "Bóyá èmi ni lóòótọ́." Ó gbé ọmọ, ó wọ yàrá lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn.

Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Lásísì, wá jókòó." Mo jókòó. Ó ní, "Ohùn ọ̀gá rẹ ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ yẹn. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

Mo fẹ́ dìde, ó fọwọ́ dá mi padà.

Ó ní, "Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé mi lọ́wọ́, o ti lọ ra dísù. Èmi àti òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ìbòrí wà lẹ́nu ẹ̀rọ, lójú mi ló fi sípánà tú u. Mo ní, 'Ẹnjiníà, ṣé kò ní ṣe wá léṣe?' Ó ní tí ìbòrí bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ Káríímù ni wọ́n máa wò, wọn ò ní wo tòun."

Mo ní, "Ìyá, ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà nígbà tó kúnlẹ̀ ń purọ́ mọ́ ọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ọdún méjì ló kù kó o gba ìwé. Ta ni ì bá gbàdúrà fún ọ? Ọwọ́ tèmi ti lọ. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ tìẹ náà lọ." Ó ní, "Mo rò pé o mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ta ni kì í mọ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Mo rò pé àwa méjèèjì la jọ ń dákẹ́. Nígbà tí o kì í wá wò mí mọ́ àfi lọ́dún Iléyá, mo ní ó jẹ́ pé ọwọ́ mi yìí ló ń kó ọ nírìíra."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọdún mẹ́jọ. Ìyá kan ṣoṣo tí mo ní ń rò pé mo kórìíra òun, èmi náà ń rò pé mo ti sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, a sì jọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Igbó-Ọrà. Ẹnjiníà ti ń darúgbó, kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, àlejò méjì ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó ní, "Ẹ wò ó! Èyí tí mo fọwọ́ ara mi mọ nìyẹn!" Mo dọ̀bálẹ̀. Mo rọra bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìbòrí. Mo rò pé ojú á tì í, tàbí kó bínú. Omi ló lé sí i lójú. Ó ní, "Lẹ́yìn gbogbo oore tí mo ṣe fún ìyá rẹ? Èmi tí mo gbé e lọ́wọ́ mi dé ọsibítù?" Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Bí mo ṣe ń wò ó, mo rí i pé kò purọ́ mọ́. Ó ti gba ara rẹ̀ gbọ́. Ọmọ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn dókítà mọ irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ọkàn tí kò lè gbé ẹ̀bi, tí ìyìn nìkan ló ń bọ́ ọ, tí kì í mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń dun ẹlòmíì. Ó ní kì í ṣe gbogbo agbéraga ló ní i, dókítà nìkan ló sì lè fẹnu sọ ọ́. Èmi ò fi orúkọ kankan pè é. Mo kàn mọ̀ pé mi ò rí ohun tí mo wá gbà.

Nígbà tí mo padà dé Èrúwà, ìyá mi wà lórí ẹní ìrun. Ó ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ó ní òun ló jẹ̀bi."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. "Irọ́ lo pa, Lásísì. Ọkùnrin yẹn ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dára kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan."

 Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fi ojú kan ọwọ́ náà, mo ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ọdún mẹ́jọ tí mo fi sá fún un, mo ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ó jẹ́ kí n sunkún náà tó. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò yẹn tì mí léjìká.

"Dìde. Èmi kọ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ bẹ̀. Ìyàwó rẹ wà nínú yàrá, látàná ló ti ń rò pé òun lòun ṣi ìwọ̀n yẹn kọ."

Mo dìde, mo wọlé lọ bá a.